Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Mi

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kìíní ọdún 1988, ní nǹkan bí aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọ̀sán, mísà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun, nílé búrẹ́dì kan ní Owódé, nílùú Ọ̀yọ́, ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí nígbà tí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ẹni náà ni Àkànjí, ọ̀gá àwọn tó ń po ìyẹ̀fun. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ki orí àti apá méjèèjì bọ inú ọpọ́n ńlá náà, ó ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ha ìyẹ̀fun tó ti gbẹ mọ́ ọn lára. Irin inú ọpọ́n náà gbá a mú. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n gbé e sọ́kọ̀, ṣùgbọ́n kò dé ilé ìwòsàn kó tó kú.

Inspẹ́kítọ̀ Fámúyìwá dé ibẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í fi ẹjọ́ falẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn yóò fi oṣù kan wá, ọjọ́ mẹ́ta ni òun ń fi í wá a. Ó rìn yí ẹ̀rọ náà ká, ó wo ẹ̀jẹ̀ tó ti dà mọ́ ìyẹ̀fun, ó ní kí wọ́n pe ẹni tó wà níbẹ̀ wá.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ṣàngóyẹmí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, láti agbo ilé àwọn oníṣàngó kan ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ti jáde lọ jẹun. Ojú Ṣàngóyẹmí ti pọ́n, ìyẹ̀fun sì kún irun orí rẹ̀.

"Ta ló tan mísà?" Fámúyìwá bi í.

"Mi ò mọ̀, sà. Ó kàn jí fúnra rẹ̀ ni."

"Ẹ̀rọ kì í jí fúnra rẹ̀."

"Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, sà. Mo sáré fa súìṣì ńlá ara ògiri wálẹ̀, èyí tó gbé iná gbogbo ilé, ìgbà náà ló tó dúró. Mo wá sáré lọ sójú fèrèsé ọ́fíìsì. Mo rò pé Màmá tó ni ilé búrẹ́dì yìí ti dé, pé àwọn ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tan án. Ilẹ̀kùn wà ní títì, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò kọ́kọ́rọ́ mísà tó wà lára ògiri ibẹ̀ dùbúlẹ̀, sà. Kò dúró ṣánṣán."

Fámúyìwá kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ ọ́ sílẹ̀. Kò rò ó jìnnà.

Lọ́jọ́ kejì ni ó bá ìyá tó ni ilé búrẹ́dì náà sọ̀rọ̀ dáadáa. Ìyáàfin Dorcas ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó lọ́kọ sí Ọ̀yọ́, tí ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ń lọ, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè é ní Màmá. Ó ṣí ọ́fíìsì fún inspẹ́kítọ̀, ó fi ojú kọ́kọ́rọ́ kan hàn án lára ògiri. Wáyà tínrín kan jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó gba inú ihò kékeré lọ sídìí mísà, níbi tí àpótí onírin kan wà. Ìyáàfin Dorcas ṣàlàyé pé bí ihò náà bá dùbúlẹ̀, wọ́n ti fún mísà láṣẹ láti yí. Bó bá dúró ṣánṣán, kò láṣẹ. Ihò náà dúró ṣánṣán nígbà tí Fámúyìwá wò ó.

Ìyá náà fa kọ́kọ́rọ́ kan tí wọ́n so okùn pupa mọ́ yọ nínú báàgì rẹ̀. Ó ní òun kan ṣoṣo ló ní in. Ó ní nígbà tí mísà ń yí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun wà láti ọ̀sán, níbi ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, kọ́kọ́rọ́ náà sì wà nínú báàgì lórí itan òun. Ó tó ogójì obìnrin tó lè jẹ́rìí sí i. Ó sọkún bó ti ń sọ ọ́. Kì í ṣe ẹkún ojú ayé.

"Láìsí kọ́kọ́rọ́ yìí, Màmá, ọ̀nà wo ni èèyàn lè gbà tan án?"

Ìyá náà dá kọ́kọ́rọ́ padà sínú báàgì. "Àfi bí èèyàn bá ṣí àpótí yẹn, kó so wáyà pọ̀."

Ó tó fún Fámúyìwá. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ fún un pé Ṣàngóyẹmí máa ń bá wọn tún rédíò ṣe. Wọ́n tún sọ pé òun àti Àkànjí jà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣàngóyẹmí fẹ́ gba ìsinmi ọjọ́ méjì nítorí ìdána tí wọn yóò ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Àkànjí ní kò sí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó jà, ó mọ̀ nípa wáyà, òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì ti parọ́ pé ihò kọ́kọ́rọ́ dùbúlẹ̀. Fámúyìwá tì í mọ́lé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà. Nígbà tí wọ́n ń mú un lọ, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe ìdána òun kí wọ́n tó máa bi òun ní ìbéèrè. Inspẹ́kítọ̀ sọ fún un pé òkú ò ṣèdána.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé, ó sì kọjá. Àwọn ará ilé ọmọbìnrin náà, Olúwafèyíkẹ́mi, ti kọ́kọ́ ń kùn tẹ́lẹ̀ pé ilé oníṣàngó ni ọkọ ti wá. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ pé ó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ẹ̀mí èèyàn, wọ́n ránṣẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé igbá ìdána kankan wá sílé àwọn.

Lọ́jọ́ Àìkú, Fámúyìwá lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Mọ̀ríámọ̀, ìyàwó Àkànjí. Ìbéèrè tó bá a lọ kò pọ̀. Ẹjọ́ ti parí lójú tirẹ̀, ó kàn fẹ́ kí ìwé rẹ̀ pé ni. Ó bá obìnrin náà lórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́ta. Ìkòkò ọbẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mọ̀ríámọ̀ ní Màmá ló ń gbé e wá lójoojúmọ́, pé bí kì í bá ṣe Màmá ni, òun ì bá ti ya wèrè.

Ó bi í bóyá ọkọ rẹ̀ máa ń ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láìbìkítà. Obìnrin náà gbójú sókè.

"Rárá o. Ẹ̀rọ yẹn ti já ìka rẹ̀ kan lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, kò jẹ́ fọwọ́ kàn án láì bèèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Á bèèrè, á dúró kí wọ́n dá a lóhùn. Ẹ lọ wá ẹni tó dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn, sà."

Fámúyìwá pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn mọ́kànlá, kò sì bi ẹnì kankan ní ìbéèrè yẹn. Láti ọ̀dọ̀ Mọ̀ríámọ̀, ó gba ilé búrẹ́dì lọ. Ibẹ̀ wà ní títì, ṣùgbọ́n aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ògiri ilé búrẹ́dì náà ń gbá iwájú ilé. Mùínàt ni orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan láti ọjọ́ náà.

Mùínàt sọ fún un pé iná kò lágbára rárá lọ́jọ́ Ajé náà. Ó lágbára láàárọ̀ kùtù, ṣùgbọ́n nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, ó rẹ̀, gílóòbù òun wá ń pọ́n bí ẹ̀yinná, fáànù sì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí di ọ̀sán.

"Ìgbà wo ló padà lágbára?"

"Lẹ́yìn aago mẹ́ta. Gílóòbù kàn dédé funfun ni. Mo ní, 'Ọlọ́run, a dú...' Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ náà tí mo gbọ́ igbe Àkànjí."

Fámúyìwá bi ara rẹ̀ léèrè. Bí ó bá jẹ́ pé Ṣàngóyẹmí ló so wáyà pọ̀ láti pa ọ̀gá rẹ̀, báwo ló ṣe mọ ìṣẹ́jú tí iná yóò padà lágbára? Ó gba kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ sídìí mísà, ó sì wo àpótí onírin náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìdè mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n ń fi sípánà tú, ló dè é. Ẹni tó ṣe é ti kán ọ̀dà pupa kọ̀ọ̀kan sórí wọn, ọ̀dà náà sì gbẹ mọ́ ìdè àti irin papọ̀. Kò sí èyí tó sán. Kò sẹ́ni tó ṣí àpótí náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dè é.

Ṣàngóyẹmí ti lo ọjọ́ márùn-ún ní túbú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, inspẹ́kítọ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó ṣe àpótí náà ni James, àbúrò Ìyáàfin Dorcas, tó ń tún rédíò àti ẹ̀rọ ṣe ní Tákìẹ́. Ọkùnrin tó tó ẹni àádọ́ta ọdún ni, ó wọ gíláàsì, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó rí ọlọ́pàá, ó kàn gbé àga kan fún un, bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀.

Ó ní irú àpótí náà mìíràn lórí tábìlì. Ó so ó mọ́ injíìnì kékeré kan, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, ó sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ kan tó fi lè mú iná relẹ̀ tàbí kó gbé e sókè bó ṣe fẹ́. Ó ṣàlàyé pé nǹkan dúdú kékeré tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní rẹgulétọ̀, ń tan iná, ó sì ń pa á, lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí iná tó ń jáde lè dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n kò ní ṣe iṣẹ́ kankan àyàfi bí nǹkan méjì bá pé. Àkọ́kọ́ ni àṣẹ, èyí tí wáyà tínrín ń gbé wá láti ojú kọ́kọ́rọ́. Ìkejì ni pé kí iná tó ń wọlé tó ìwọ̀n. Bí iná bá kéré, injíìnì mísà yóò máa kùn láìyí títí yóò fi jóná. Méjì ti jóná lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe kọ́ àpótí náà pé kó ti ara rẹ̀ pa nígbà tí iná bá ti kéré jù.

Ó yí kọ́kọ́rọ́ kí ihò rẹ̀ dùbúlẹ̀. Abẹ́rẹ́ mítà tó ń ka agbára iná wà lórí ogóje fóòlù. Injíìnì kò mira. Ó rọra ń gbé iná sókè: ọgọ́jọ, kò mira. Nígbà tí abẹ́rẹ́ kan ọgọ́sàn-án, nǹkan kan dún kà, injíìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí kíákíá.

Fámúyìwá bi í pé ṣé ẹni tó fún un láṣẹ lè ti kúrò nítòsí láti wákàtí mẹ́fà.

"Ó lè wà ní Jọ́ọ̀sì," ni James wí. Ó pa iná. "Àṣẹ náà yóò wà níbẹ̀. Iná ni yóò máa dúró dè."

"Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì ìyá yẹn. Ṣé ó ṣeé yọ nígbà tí ihò bá dùbúlẹ̀?"

James bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún. Inspẹ́kítọ̀ na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ orí tábìlì, ó yí i kó dùbúlẹ̀, ó fà á. Ó jáde sọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Ti tẹ́lẹ̀ kò ṣeé yọ bẹ́ẹ̀," ni James wí níkẹyìn. "Ó bàjẹ́ ní oṣù kẹsàn-án. Irú èyí ni mo rí ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ọkọ̀. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó máa wo ojú ihò kó tó fà á yọ. Láti ọjọ́ Ajé tó kọjá ni mi ò ti lè sùn, ọ̀gá. Mo ń dúró kí ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

"Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ kan wà ní túbú?"

Ó ní òun mọ̀. Ó gbé ẹ̀wù rẹ̀ wọ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó bá inspẹ́kítọ̀ wọ ọkọ̀.

Ilé búrẹ́dì náà ni wọ́n ti pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Fámúyìwá ti ránṣẹ́ pe Mọ̀ríámọ̀, ó sì ní kí wọ́n mú Ṣàngóyẹmí wá láti àgọ́. Ìyáàfin Dorcas wọlé kẹ́yìn. Nígbà tó rí àbúrò rẹ̀, ó jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó.

Inspẹ́kítọ̀ kò gbé ohùn sókè. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ yẹn mísà ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ wà lójú rẹ̀, ihò rẹ̀ sì dùbúlẹ̀. Nígbà tí iná rẹ̀wẹ̀sì, àpótí ti ara rẹ̀ pa, mísà dúró. Kò sí ẹni tó fọwọ́ pa á. Nígbà tí ó sì ti dákẹ́, ó jọ ohun tí wọ́n ti pa. Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ fà á yọ bó ṣe wà, ó sọ ọ́ sínú báàgì, ó gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Àṣẹ ṣì wà lára wáyà láti aago mẹ́sàn-án títí di ìgbà tí iná padà.

"Kò sẹ́ni tó ṣí àpótí," ó ní. "Ọ̀dà orí ìdè rẹ̀ kò sán. Nítorí náà ojú kọ́kọ́rọ́ ni àṣẹ ti wá. Ṣàngóyẹmí wo ojú fèrèsé lẹ́yìn ìjàǹbá, ó rí i pé ihò dùbúlẹ̀. Ó sọ fún mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò gbà á gbọ́. Nígbà tí èmi wò ó lọ́jọ́ kejì, ó ti dúró ṣánṣán. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè wọ ọ́fíìsì yẹn láàárín méjì. Ìgbà wo lẹ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, Màmá?"

"Aago márùn-ún kọjá." Ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde.

"Ẹ sì wọ ọ́fíìsì."

"Mo wọlé." Ó na ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún rẹ̀, ó ń wò wọ́n. "Ẹni tó wá pè mí kò tíì sọ ọ́ tán kí n tó mọ̀. Ó ní ẹ̀rọ ló jí. Lójú ọ̀nà, mo ń gbàdúrà pé kí n bá ihò yẹn lórí ìdúró. Mo bá a tó dùbúlẹ̀. Mo yí i. Mi ò ronú kí n tó yí i. Mo sọ fún ara mi pé wọn ò ní rí nǹkan kan dì mọ́ ọmọ yìí lọ́rùn, pé wọ́n á tú u sílẹ̀ lọ́la. Lọ́la dé, mo tún sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé Àkànjí bèèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín?" Fámúyìwá bi í.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọkún. "Ó bèèrè. Mo ti ń jáde lọ. Ó ní, 'Màmá, kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Mo fẹ́ ha ọpọ́n yìí lọ́sàn-án.' Mo ní, 'Ó wà lọ́wọ́ mi, máa bá iṣẹ́ ẹ lọ.' Ó sì wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Ìyẹ̀fun tó máa ṣòfò ni mò ń rò. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí wọ́n má kó àlìkámà wọlé mọ́, ẹ mọ bó ṣe ṣòro tó. Mi ò wo ojú ihò."

James ti kọ ojú sí ògiri. Mọ̀ríámọ̀ ló dìde, ó wá dúró níwájú ìyá tó ti ń gbé ọbẹ̀ wá fún un láti ọjọ́ méje.

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn," ó ní. "Ǹ bá bá yín sọkún, Màmá. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kó kú."

Ó sì jáde, kò padà wò wọ́n mọ́.

Ìyáàfin Dorcas kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àríyànjiyàn nílé ẹjọ́. Ó gbà pé àìbìkítà òun ló pa Àkànjí, ó sì gbà pé òun fi òtítọ́ pamọ́. Adájọ́ ní ti àkọ́kọ́, òun ì bá ṣíjú àánú wò ó, ṣùgbọ́n ti ìkejì ni kò jẹ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni wọ́n dá fún un. Wọ́n ti ilé búrẹ́dì náà.

Àwọn ọ̀gá kan sáárá sí Fámúyìwá fún bó ṣe tú ẹjọ́ náà. Òun kò lè gbádùn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wọ ọkọ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó wá ilé bàbá Olúwafèyíkẹ́mi kàn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ní òun ni òun ṣe àṣìṣe, pé ọmọ náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bàbá fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní òun gbà á gbọ́, ó sì dun òun. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rán ọmọbìnrin náà lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Kàdúná, ìdílé kan níbẹ̀ ti wá tọrọ rẹ̀, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti òun nìkan mọ́.

Ṣàngóyẹmí ń ṣiṣẹ́ nínú oko bàbá rẹ̀ lọ́nà Ìsẹ́yìn nígbà tí inspẹ́kítọ̀ lọ sọ fún un. Ó ń kọ ebè. Ó fi ọkọ́ ti ara dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá sí i. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan ṣoṣo.

"Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń wo ẹnu ọ̀nà, sà. Olúwafèyíkẹ́mi kò wá. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo ní bí kò bá tiẹ̀ gbà mí gbọ́, ó yẹ kó wá wò mí."

Fámúyìwá mọ̀ pé òun lè dákẹ́. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ àfi ọlọ́pàá tó jókòó ní káńtà, wọ́n sì ti gbé ìyẹn lọ sí ìlú mìíràn.

"Ó wá," ó ní. "Lọ́jọ́rú, àti lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì, ó jókòó síwájú àgọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹ."

Ọmọkùnrin náà wò ó fúngbà pípẹ́. Ó yíjú padà sí iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ebè kan, ó kọ èkejì. Fámúyìwá dúró síbẹ̀ nínú oòrùn títí ó fi rí i pé kò ní wo ẹ̀yìn mọ́, ó sì rìn padà lọ sójú títì.